Láti Orí Lẹ́tà Òjé dé Orí Macro: Bí Abẹ́òkúta Ṣe Kọ́ Ẹ̀rọ ní Yorùbá

Àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí, tí ogun lé kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá, tí wọ́n sì wá fẹ̀yìn ti Olúmọ ní ọdún 1830 lẹ́yìn Ṣódẹkẹ́ olórí wọn, kò tíì lo 30 ọdún lórí ilẹ̀ tuntun náà tí ilé ìtẹ̀wé fi dé àárín wọn, tí ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá sì ti ibẹ̀ jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859. Ẹni tí ó bá ń pìtàn Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá a máa dárúkọ Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù tí ó dá a sílẹ̀, a sì máa rántí pé 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lójú ìwé náà tí ojú òǹkàwé máa ń fò dá nítorí kíkéré rẹ̀, ìyẹn ni àmì tí ń bẹ lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, àti àmì ohùn tí ń gun orí fáwẹ̀lì. Láti ìgbà tí a ti ń fi ẹ̀rọ kọ Yorùbá, ẹni tí kò gbọ́ èdè wa ni ó ń ṣe ẹ̀rọ náà, kì í sì í fi àyè sílẹ̀ fún àwọn àmì wọ̀nyí. Àwa tí a ń lò ó ni a ń kọ́ ọ ní ohun tí ẹni tí ó ṣe é kò kọ́ ọ. Ìtàn ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ, láti orí lẹ́tà òjé ní Aké, ní Abẹ́òkúta, títí dé orí ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní macro, èyíinì ni àṣẹ tí ènìyàn kọ sínú sọ́fítíwéà lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì lè pè jáde nígbàkígbà tí ó bá wù ú, kí ó bá a tún iṣẹ́ kan náà ṣe láìjẹ́ pé ó tún ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta ní oṣù Kìíní ọdún 1843, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí ó fi máa padà ní 1846, tòun ti Àjàyí Crowther, Ṣódẹkẹ́ ti papòdà ní ọdún tí ó ṣáájú. Ní ọdún 1846 yẹn kan náà, ní Abẹ́òkúta níbẹ̀, ni Crowther tún fojú kan Àfàlá ìyá rẹ̀, ẹni tí a ti yà á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kó Òṣogùn lẹ́rú ní 1821. N kò lè kọjá ibẹ̀ láìdúró díẹ̀, nítorí èdè tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá yẹn kí ogun tó yà wọ́n ni ó kó jọ sínú ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1843, òun ni ó ṣe gírámà rẹ̀ ní 1852, òun náà ni ó sì fi túmọ̀ Bíbélì tí gbogbo rẹ̀ parí ní 1884. Ọmọ tí a jí gbé ni ó jókòó, tí ó ro bí ohùn ìyá rẹ̀ yóò ṣe rí lórí ìwé.

Ní 1854 ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ọgbà àwọn òyìnbó ìjọ CMS (Church Missionary Society), Townsend sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò rí i rí kò lè mọ bí iṣẹ́ ọ̀hún ti le tó. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ègé òjé kan tí ojú lẹ́tà yọ sí lórí ní ìdàkejì. Ẹni tí ń to ó a dúró síwájú àpótí oníyàrá púpọ̀, a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a tò wọ́n ní ìdoríkodò láti òsì lọ sí ọ̀tún sínú irin kékeré tí ó dì mọ́wọ́, títí ìlà kan yóò fi kún, tí ìlà yóò fi di ojú ewé. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, a tún tú gbogbo rẹ̀ ká, a sì dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà sí yàrá rẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú àpótí náà, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá tí yóò fi hàn lórí ìwé. Àmì abẹ́ ẹ kì í ṣe ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ òjé. Pẹ̀lú lẹ́tà ni wọ́n ń rọ ọ́ pọ̀, àwọn arọlẹ́tà ilẹ̀ òkèèrè kò sì ní rọ irú rẹ̀ àfi bí a bá ránṣẹ́ sí wọn pé a fẹ́ ẹ. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í bá ni mu: bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kíkọ Yorùbá fi di ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù náà dá sí. Richard Lepsius ará Jámánì tẹ ìwé kan jáde ní 1855, nínú èyí tí ó la ọ̀nà tí a lè gbà fi lẹ́tà Látìn kọ èdè gbogbo tí kò tíì ní ìwé, ó sì fara mọ́ fífi àmì sábẹ́ lẹ́tà dípò dídá lẹ́tà tuntun; àwọn CMS gbà bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1875 àwọn àgbààgbà ìjọ, tí Crowther tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù wà láàárín wọn, tún pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí àkọtọ́. Bí a bá wò ó dáadáa, ìpàdé lórí ohun tí àpótí lẹ́tà lè gbà ni, bí ó ti jẹ́ ìpàdé lórí èdè.

Ní Abẹ́òkúta, ohun tí Townsend fi òjé kọ́ kò tọ́jọ́. Ìjà láàárín àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba Èkó lórí owó ibodè àti ààlà ilẹ̀ gbóná títí ó fi di Ìfọ́lé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867: wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fọ́ ilé àwọn òyìnbó, wọ́n lé wọn kúrò nílùú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ìjà náà lọ, Ìwé Ìròhìn sì kú. N kò bá àwọn tí ń dá Ẹ̀gbá lẹ́bi nítorí ìyẹn ṣọ̀rẹ́, nítorí ẹni tí a ń fi ìlú rẹ̀ dẹ́rù bà kì í wo ojú ìwé. Àmọ́ ó dùn mí pé inú ọgbà kan ṣoṣo ni gbogbo ìmọ̀ náà wà, tí ọgbà fi wó tí ìmọ̀ sì tú ká. Ó pẹ́ kí ilé ìtẹ̀wé tó tún fẹsẹ̀ rinlẹ̀ nílùú náà. Nígbà tí ó fẹsẹ̀ rinlẹ̀, ó so èso rere: láyé Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1898 tí ó sì parí ní 1914, akéwì Ṣóbọ̀ Aróbíodu ti ń tẹ àrọfọ̀ rẹ̀ jáde ní ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá gan-an, kò gbé Ẹ̀gbá sọnù nítorí Yorùbá àjùmọ̀lò.

Taipuráítà ni ó tẹ̀lé e, ti àwọn akọ̀wé ìjọba àti ti ilé ẹjọ́. A kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ẹ lórí rẹ̀ a tẹ e, a dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, a yí ìwé sókè díẹ̀, a tẹ ààmì ìdánudúró sábẹ́ rẹ̀, a sì yí ìwé padà; tàbí kí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà tí ìwé bá jáde, kí ó wá fi bírò tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ewé kan bá gba ọgọ́rùn-ún àmì, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni akọ̀wé náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ọ́fíìsì ṣe wà láìní àmì kankan títí dòní, kì í ṣe nítorí pé àwọn tí ó kọ wọ́n jẹ́ òpè. Ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́, tí ó jáde ní 1965, àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, jẹ́ kí a mọ bí ó ti yẹ kí a kọ ọ́. Wọn kò lè yí taipuráítà padà.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, a rò pé ìyà ti tán, ṣùgbọ́n àpótí lẹ́tà tuntun náà kò tóbi ju ti àtijọ́ lọ. ASCII, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní 1963, ní àyè fún 128 ohun péré, ẹ kò sì sí níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wa wá dọ́gbọ́n: wọ́n ṣe fọ́ǹtì tí wọ́n fi ń gba àyè ààmì mìíràn tí a kì í sábà lò, wọ́n sì ya ẹ tàbí ṣ sí i. Bí ìwé náà bá wà lórí kọ̀ǹpútà tí fọ́ǹtì wà, ó dára. Bí a bá gbé e lọ sórí òmíràn, gbogbo rẹ̀ a di jánganjàngan, ẹni tí ó kọ ọ́ pàápàá kò ní lè kà á.

Ibí yìí ni macro ti wọlé. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni a ti bí i. Ní 1976, ní MIT ní Amẹ́ríkà, Richard Stallman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn àṣẹ kéékèèké tí olúkúlùkù ti kọ sínú sọ́fítíwéà ìkọ̀wé kan tí ń jẹ́ TECO jọ, wọ́n sì sọ wọ́n di Emacs, orúkọ tí wọ́n mú jáde láti inú ọ̀rọ̀ macro gan-an. Ní 1983, Lotus 1-2-3 tí àwọn oníṣirò ń lò gbé tirẹ̀ dé, tí akọ̀wé owó fi lè kó bọ́tìnnì ogún tí ó ń tẹ̀ lójoojúmọ́ sábẹ́ ẹyọ kan. Ní 1986, AutoCAD, tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò, fi AutoLISP sínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Microsoft fi VBA sínú Excel ní 1993 àti sínú Word nínú ẹ̀dà 97, àwọn tí ó sì wà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà wa, tí wọ́n ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í bá ohun náà pàdé láìmọ orúkọ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti Abẹ́òkúta kò ní pẹ́ kí ohun tí macro jẹ́ tó yé e. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ, ọwọ́ ayàwòrán ni ó ń gbé gbogbo rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a gé bátànì sára páànù, a tẹ́ páànù náà lé aṣọ, a sì fi ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ kọjá, kí aṣọ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró tí í ṣe obìnrin, kí ó tó wọ ìkòkò aró. Páànù tí a gé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò bọ́ sórí ọgọ́rùn-ún aṣọ, bátànì kò ní yí padà, ẹni tí ń lò ó kò sì nílò láti mọ bí a ti ń gé e. Agépáànù ni ẹni tí ń kọ macro. Bátànì ni macro náà. Akọ̀wé tí ó ń tẹ bọ́tìnnì kan ni ó ń gba ẹ̀kọ kọjá. Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn àfiwé yìí ni pé kò rẹ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú wọn: àwọn ìyá Ìtòkú tí wọ́n ta àdìrẹ yí ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò gé páànù, bẹ́ẹ̀ ni agépáànù kò mọ aró í rẹ.

Báyìí ni a ṣe ń lò ó fún Yorùbá. Akọ̀wé a pàṣẹ fún Word pé kí ó máa gba ohun tí òun ń ṣe sílẹ̀, a fi ọwọ́ wá ẹ nínú àkójọ lẹ́tà, a gbé e sójú ìwé, a fi àmì ohùn òkè lé e, a dá ìgbàsílẹ̀ náà dúró, a sì so ó mọ́ bọ́tìnnì méjì tí a lè tẹ̀ pọ̀. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ tí ó ń gba ìtẹ̀ mẹ́wàá ti di ìtẹ̀ kan. Bí ó bá ní ìgboyà, a ṣí ohun tí Word gbà sílẹ̀ náà wò, a rí i pé àkọsílẹ̀ tí a lè kà ni, a yí i padà, a fi kún un: kí ó wá gbogbo ibi tí fọ́ǹtì àtijọ́ wà nínú ìwé 300 ojú ewé, kí ó sì yí àmì ayédèrú kọ̀ọ̀kan padà sí ojúlówó lẹ́tà. Iṣẹ́ tí ìbá gba oṣù kan a parí kí omi tó hó. Mo gbà pé àǹfààní tí ó ga jù nínú macro nìyí, ju ìyára lọ: pé ìgbàsílẹ̀ ń kọ́ ẹni tí kò mọ ìwé kọ̀ǹpútà ní bí a ti ń kọ ọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣe sọ́fítíwéà, tí ó sì fẹ́ kí ó gba macro, kò gbọdọ̀ fi í ṣe ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn nígbà tí ilé ti parí. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí sọ́fítíwéà náà ń ṣe gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí a lè fi pè é, yàtọ̀ sí bọ́tìnnì tí ó wà lójú rẹ̀; bí ó bá jẹ́ pé inú bọ́tìnnì nìkan ni iṣẹ́ wà, macro kò rí ohun tí yóò dì mú. Èdè tí a ó fi kọ àṣẹ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti dá èdè tiwọn sílẹ̀, tí kò sí ẹlòmíràn láyé tí ó gbọ́ ọ, àdánù gbáà ni wọ́n sì kó bá àwọn tí ń lò ó. Ó sàn kí a mú èdè kékeré tí ayé ti mọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Lua, tí Roberto Ierusalimschy, Luiz Henrique de Figueiredo àti Waldemar Celes ṣe ní 1993 ní PUC-Rio, yunifásítì kan ní Rio de Janeiro ní Bùràsíìlì, orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú pọ̀ sí. Òfin ilẹ̀ wọn ti dí ọ̀nà mọ́ kọ̀ǹpútà àti sọ́fítíwéà ilẹ̀ òkèèrè fún ọdún pípẹ́, wọ́n ti mọ́ra láti máa ṣe tiwọn, àwọn tí ó sì kọ́kọ́ lo ohun tí ó ṣáájú Lua ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Petrobras, ilé iṣẹ́ epo wọn, tí kì í ṣe akọ̀wé kọ̀ǹpútà rárá. Láti 2013, Lua ni a fi ń kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí Wikipedia, ti èdè Yorùbá sì wà lára wọn.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Sọ́fítíwéà tí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni rere yóò gbà á lọ́wọ́ ẹni ibi. Ní 1995 ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Concept bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ìwé Word tàn ká. Ní oṣù Kẹta ọdún 1999, òmíràn tí ń jẹ́ Melissa gba inú lẹ́tà íméèlì dé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, títí àwọn kan fi ní láti ti ìlẹ̀kùn íméèlì wọn. Ó di 2022 kí Microsoft tó pinnu láti máa dí ọ̀nà mọ́ macro tí ó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. N kò rí i bí ìdí tí a ó fi sé ògiri pa. Kí àṣẹ tí a kọ sínú ìwé má lè kọjá ìwé náà lọ fọwọ́ kan fáìlì mìíràn tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi bí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó gbà: ẹni tí ó bá ń ṣe sọ́fítíwéà lè fi èyí lélẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Àwọn kan yóò ní macro kò wúlò mọ́ fún Yorùbá, nítorí Unicode, ìlànà tí ó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní àyè lórí kọ̀ǹpútà, ti dé. Òótọ́ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ẹ, ọ àti ṣ ti ní àyè tiwọn níbẹ̀. Àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, àwọn tí ń fi lẹ́tà Látìn kọ Sanskrit ń lo ṣ, àwa sì bá wọn wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní àyè tirẹ̀. Ẹ ni a ń kọ, kí a tó fi àmì òkè gùn ún. Ẹlòmíràn a kọ é, kí ó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú kò rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, kọ̀ǹpútà rí i: ẹni tí ó bá wá Ọlọ́run nínú ìwé lè má rí ìdajì ibi tí ó wà. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ó wà lórí Windows àti lórí Keyman, àti èyí tí àwọn YorubaName gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ti mú kí títẹ̀ rọrùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àtúnṣe ohun tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ kíbọ́ọ̀dù.

Iṣẹ́ yẹn sì ń dúró de wa nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìwé Ìròhìn, àrọfọ̀ Ṣóbọ̀ Aróbíodu àti gbogbo ohun tí àwọn baba wa tẹ̀ kí ọdún 1974 tó dé wà ní àkọtọ́ àtijọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé kò sì lè kà wọ́n geere mọ́. Macro kan tí kò ju ojú ewé díẹ̀ lọ lè sọ aiye di ayé, kí ó sọ enia di ènìyàn, kí ó sọ nwọn di wọ́n, kí ó sọ yio di yóò, láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. Nígbà tí ó bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ kan lè gba ohùn méjì tàbí mẹ́ta, kí ó dúró, kí ó fi han olóòtú, kí olóòtú yàn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí bí Iroro Orife ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti ọdún 2018 bí yóò ṣe máa dá àmì padà sórí Yorùbá fúnra rẹ̀, a kò tíì lè fi àrọfọ̀ lé e lọ́wọ́ pátápátá. Ohun tí ó sì ṣe pàtàkì jù ni pé kí macro náà má ṣe fọwọ́ kan èdè Ẹ̀gbá. Ṣóbọ̀ kò ṣèèṣì kọ ọ̀rọ̀ bí àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń sọ ọ́; bí a bá jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ gbogbo rẹ̀ di Yorùbá inú ìwé ẹ̀kọ́, a ti pa ohun tí a ní a ń tún ṣe. A nílò àkójọ ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá tí àṣẹ náà yóò máa yẹ̀ wò kí ó tó yí ohunkóhun padà: ti Ẹ̀gbá Aké, ti Òkè-Ọnà, ti Gbágùúrá àti ti Òwu, níwọ̀n bí wọ́n ti yàtọ̀ síra. Kò sí sọ́fítíwéà tí ó ní àkójọ yẹn. Ẹnu àwọn àgbàlagbà tí ó ṣì wà láyé ní agboolé wọn ni ó wà, a sì gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀ kí a tó kọ ìlà kan nínú macro náà.